Àyà ń dùn mí, àmọ́ kì í ṣe ọkàn

Tí àyà bá ń gún yín, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà ná. Èyí ni mo fẹ́ kó ṣáájú, torí kò sẹ́ni tó lè jókòó sílé kó fọwọ́ tẹ àyà ara ẹ̀ kó wá sọ pé ọkàn òun ò ṣe nǹkan kan. Tèmi, wọ́n ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n ya X-ray, kí dókítà tó wá fìka tẹ ẹ̀gbẹ́ egungun àárín àyà mi, ni mo bá lọgun. Ó ní costochondritis ni.

Àlàyé tó ṣe fún mi ni pé egungun ìhà ò dé ibi egungun àárín àyà yẹn fúnra ẹ̀ o, eegun rírọ̀ kan, irú èyí tó wà létí wa, ló so wọ́n pọ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn ló máa ń gbóná tó sì máa ń roni, pàápàá láti ìhà kejì dé ìkarùn-ún. Ẹ wá wò ó, gbogbo ìgbà téèyàn bá mí ni ìhà ń gbéra, báwo ni ibẹ̀ ṣe fẹ́ sinmi? Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè lọ. X-ray kì í sì í fi í hàn, torí náà tí wọ́n bá ní àwòrán yín ò ní nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ẹ̀ ń dọ́gbọ́n àìsàn.

Ikọ́ líle ló fa tèmi, ẹrù wúwo lè fà á, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ mọ ohun tó fà á. Téèyàn bá sín tàbí tó yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, á gún un ṣáá. Tó bá wú síta, Tietze ni wọ́n ń pe ìyẹn, orúkọ dókítà ará Jámánì tó kọ nípa ẹ̀ ní 1921.

Omi gbígbóná inú rọ́bà tí mo ń gbé lé e ràn mí lọ́wọ́ gan-an, mo sì yé gbẹ́rù. Dókítà tún kọ ibuprofen, oògùn ìrora, fún mi, àmọ́ ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín kó sọ̀rọ̀ kó tó lò ó. Òru ló le jù, torí ẹ̀rù á máa bà yín, ẹ ò ní lè mí dáadáa, gbogbo iṣan àyà á wá le gbagidi, ìrora á tún lé sí i. Ẹ rọra máa mí. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè di oṣù, ó sì lè lọ kó tún padà wá.

Àmọ́ tó bá di pé àyà ń fún yín pinpin, tó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí èémí ò já gaara, ẹ sáré lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kódà bí wọ́n bá ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé costochondritis ni.