Ìwé dókítà ọ̀tọ̀, káàdì íńṣọ́ránsì ọ̀tọ̀

Bí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn bá délẹ̀ ní Kútọ̀ tàbí Pànṣẹ́kẹ́ l'Ábẹ́òkúta, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni: "Ṣé dókítà yẹn ń gba NHIS?" Dókítà kọ́ ló ń gbà á o, ilé ìwòsàn ni. Ilé ìwòsàn ni àjọ NHIA, ìyẹn àjọ íńṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NHIS tẹ́lẹ̀, ń yẹ̀ wò tó sì ń fọwọ́ sí, ilé ìwòsàn náà sì ni HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó íńṣọ́ránsì yín, ń sanwó fún. Ìwé ẹ̀rí àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ nìkan ló jẹ́ ti dókítà fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wádìí tibí yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń wádìí tọ̀hún, ẹni tó bá sì da méjèèjì pọ̀ lè rin ìrìn òfo lóru ọjọ́ tí ara kò bá gba àlọ-àbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti dókítà ná. Ọdún mẹ́fà ló sábà máa ń lò ní yunifásítì kó tó gba MBBS tàbí MBChB, ìyẹn oyè dókítà. MDCN, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà àti dókítà eyín, á wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ oṣù 12 lábẹ́ ojú àwọn ọ̀gá. Tó bá parí ìyẹn ni wọ́n á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, kó tó lọ sin ìjọba. Kò tán síbẹ̀. Ọdọọdún ló ní láti tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà, torí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni tọdún kọ̀ọ̀kan ń parí, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ lè tẹ orúkọ rẹ̀ sórí ìkànnì MDCN láti mọ̀ bóyá ó wà nínú ìwé wọn. Dókítà obìnrin tó ti lọ́kọ lè ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, nítorí náà ẹ má kánjú pe ẹnikẹ́ni ní ayédèrú.

Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn orúkọ ń sọ̀rọ̀. FWACS àti FWACP jẹ́ ti àwọn kọ́lẹ́jì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún iṣẹ́ abẹ àti fún ìṣègùn. Èyí tó bá fi FMC bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti kọ́lẹ́jì orílẹ̀-èdè wa tó wà ní Ìjànikin. Ẹni tó ní wọn ti kọ́ṣẹ́ kúnnú. Bí ẹ bá rí M dípò F, bíi MWACP, ó ti kọjá ìdánwò kan, ó ku òmíràn. ATLS, ACLS àti BLS kì í ṣe oyè o. Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ni wọ́n: ATLS wà fún ìtọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́, ọdún mẹ́rin ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń lò kó tó parí, ACLS àti BLS wà fún ọkàn tó dáwọ́ dúró, ọdún méjì ni tiwọn. Síbẹ̀, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí wọn lára ògiri ẹ̀ka pàjáwìrì, pàápàá èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ni kò ní dókítà tó kọ́ iṣẹ́ pàjáwìrì nìkan. Ẹni tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ lóru lè jẹ́ dókítà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ abẹ tàbí ti àgbàlagbà, tí kọnsọ́tántì rẹ̀, ìyẹn dókítà àgbà tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, wà nílé, tó ń retí ìpè. Kò sí láburú níbẹ̀. Ẹ rọra béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ta ni kọnsọ́tántì tó wà lórí iṣẹ́ lálẹ́ òní, ṣé wọ́n ti gbọ́?"

Ó wá ku káàdì. Láti ìgbà tí òfin NHIA ti jáde ní oṣù Karùn-ún 2022, adójútòfò ìlera ti di dandan fún gbogbo èèyàn, àmọ́ àkójọ ilé ìwòsàn kì í ṣe ọ̀kan. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà lọ́tọ̀, ti ìpínlẹ̀ Ògùn wà lọ́tọ̀, ti ilé iṣẹ́ aládàáni náà wà lọ́tọ̀. Ilé ìwòsàn FMC (Federal Medical Centre) Ìdí-Àbá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ilé ìwòsàn Ìjàyè jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ti Lántòrò jẹ́ ti ìjọ Àgùdà. Ẹ má fi ojú lásán díwọ̀n èyí tó máa gba káàdì yín. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì íńṣọ́ránsì wọn lọ́sàn-án, nígbà tí ara le, kẹ́ ẹ fi káàdì hàn wọ́n, kẹ́ ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóru àti lópin ọ̀sẹ̀.

Lójoojúmọ́, ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ yàn lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, àwọn ló máa kọ̀wé gbé yín lọ sí ibi tó tóbi jù. Pàjáwìrì kò dúró de ìyẹn: ibi tó bá sún mọ́ jù tí NHIA ti fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ gbà lọ, kí ọ́fíìsì íńṣọ́ránsì ibẹ̀ pe HMO kíákíá fún kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé wọ́n fọwọ́ sí ìtọ́jú yín, kó má di ọ̀tunla. Láti oṣù Kẹrin 2025, NHIA ti pàṣẹ pé wákàtí kan péré ni HMO ní láti fi kóòdù náà sílẹ̀. Ẹ kọ aago tí wọ́n pè àti orúkọ ẹni tó gbé e sílẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù nìyí: kóòdù tí wọ́n fi gbà yín wọlé lè má kan fọ́tò CT tó ń fi inú ara hàn tàbí iṣẹ́ abẹ. Ohun tuntun tí dókítà bá kọ, ẹ béèrè bóyá kóòdù rẹ̀ ti dé. Bí kò bá dé, ọrùn yín ni owó náà máa wọ̀.

Ẹ mú owó díẹ̀ dání pẹ̀lú. Lórí ètò òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìdá 10 nínú 100 owó oògùn jẹ́ tiyín, oògùn tí kò bá sì sí ní ilé ìwòsàn, ìta lẹ máa rà á. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lé aláìsàn pàjáwìrì padà nítorí owó. Abala 20 òfin ìlera ti 2014 sọ ọ́ kedere: ẹni tó bá kọ̀ láti tọ́jú rẹ̀ lè san 100,000 náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò kọjá oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Bó bá jẹ́ ìbọn ló bà á, òfin 2017 ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láìbéèrè ìwé ọlọ́pàá. Ilé ìwòsàn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Ìtọ́jú kọ́kọ́ ni òfin ń sọ, kò ní kó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ wo káàdì yín lónìí. Bí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti NIN, ó máa ń fa wàhálà ńlá. Ètò ìjọba àpapọ̀ ká òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ọmọ tó bá ti pé e máa ń jábọ́, ọmọ tuntun kì í sì í dédé wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò káàdì, nọ́ńbà HMO àti orúkọ ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíràn nínú ilé, torí ẹni tó dákú kò lè ṣí fóònù tiẹ̀.

Ẹni tó bá fara pa níbi iṣẹ́, bíi àwọn tó ń fọ́ òkúta ní àgbègbè wa, NSITF, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, lọ̀rọ̀ tiẹ̀ kàn, lábẹ́ òfin 2010. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí NSITF láàárín ọjọ́ méje. Ẹ gba ìwé dókítà tó kọ ọjọ́, aago àti bí ìjàǹbá náà ṣe ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn.