Kòkó Lé Kókò Lọ

Sátidé, oṣù Kẹfà. Òjò pa mí bọ̀ láti ọ̀nà Ìdànrè, ẹrẹ̀ oko ṣì wà ní bàtà mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo lọ lábúlé. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí ìyàwó wa fi gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi wo apá ọmọ yín." Ọmọ ọdún méjì. Nọ́ọ̀sì wá wọn apá àwọn ọmọ lọ́jọ́bọ̀, ó fi tépù aláwọ̀ mẹ́ta yẹn, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá oúnjẹ tọ́mọ ń jẹ tó o, wọ̀n ọ́n. Tí apá bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, ibi àwọ̀ ewé ló máa bọ́ sí, kò séwu. Tí kò bá tó 11.5, pupa ni, ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn. Tọmọ wa bọ́ sí yẹ́lò, láàárín méjèèjì. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka àárín yí apá náà ká, ìka méjèèjì gun ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ páànù tuntun ló wà lórí ilé tí a jókòó sí, owó kòkó ni wọ́n fi kàn án. Lóṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà àgbáyé. Ẹ̀gbọ́n mi ra ọ̀kadà, ó san owó iléèwé àwọn àgbà ọmọ, ó sì hú ìwọ̀nba ẹ̀gẹ́ tó kù létí oko, ó fi kòkó dí ibẹ̀. Ta ló fẹ́ bá a wí? Kí 2025 tó parí, iye yẹn ti já sí bí ìdajì.

Mi ò sí lára àwọn tó ń bú kòkó o. Òun ló rán mi níwèé. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìíní ni owó gidi ń wọlé, ìwọ̀nba tó ń so láàárín ọdún ò tó nǹkan, ojoojúmọ́ sì lẹnu ń jẹ. Ní báyìí owó náà ti di páànù, ó ti di ọ̀kadà, ó ti san gbèsè oògùn kòkó tán. Ohun tí mo bá nínú ìkòkò: ọbẹ̀ ata tí epo léfòó lórí rẹ̀, ẹja kan bí ìka. Láàárọ̀, gàrí ni wọ́n rẹ mu. Gàrí á dí ikùn ọmọ, ṣùgbọ́n kí ni eegun fẹ́ rí mú níbẹ̀?

Mo rántí ìgbà tí bàámi dá oko yẹn. Kòkó kékeré kò fẹ́ oòrùn, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbìn sáàárín rẹ̀ kí wọ́n lè ṣíji bò ó. (Ẹni tó bá ń ka èyí láìwo àmì ohùn ti wọ gàù.) Láàárín ọdún mẹ́ta mẹ́rin yẹn, a jẹ kókò débi pé mo kórìíra rẹ̀. Nígbà tí kòkó wá dàgbà, ewé pàdé lókè, abẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn, kókò kú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rù. Ó wá ku ìgbín àti olú tí màámi ń ṣà lábẹ́ ewé gbígbẹ, kí oògùn tí wọ́n ń fín tó lé àwọn náà lọ. Ẹ̀fọ́ tó bá sì dá hù níbẹ̀ báyìí, ta ló jẹ́ já a sọ́bẹ̀?

Èyí tí a kì í fẹ́ sọ síta ni pé ọkùnrin ló ni kòkó, obìnrin ló ni ọbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ wà létí oko, ìyàwó wa kì í tọrọ kó tó já. Ní báyìí, owó ọbẹ̀ ló ń dúró dè, wọ́n á sì ní kòkó ò tíì pọ́n.

Adìẹ mẹ́rin ń jẹ̀ lójúde, ni mo bá ní ẹyin wọn ńkọ́. Màámi ta kìjí lórí ẹní: "Ẹyin kẹ̀! O fẹ́ sọ ọmọ di olè ni?"

"Màámi, kí ló wà nílé yìí tó fẹ́ jí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rín. Nígbà tó ṣe, ó ní òun ò ní gbin kòkó sí àkùrọ̀ ẹ̀bá odò mọ́, kí ìyàwó wa máa fi gbin ẹ̀fọ́. Ìyàwó wa ò dáhùn.

Nígbà tí oorun gbé màámi lọ, mo bá ìyàwó wa lẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹyin.