Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín lónìí

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí kọ̀ǹpútà báyìí. Ojú ìyá àgbà kan tó kọ àbàjà ni mò ń mọ fún eré animation.

NURBS, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi ìlà títẹ̀ mọ ara nǹkan, ni mo kọ́kọ́ dán wò. Ojú náà jọ̀lọ̀ lóòótọ́, àmọ́ abala-abala ni wọ́n so pọ̀. Bí ìyá ṣe ní kóun rẹ́rìn-ín báyìí, igun ẹnu là, òkùnkùn inú orí yọ síta!

Mo bá gba ọ̀nà subdivision tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Catmull àti Clark, gbé jáde lọ́dún 1978: awọ kan ṣoṣo, tí kọ̀ǹpútà ń pín sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi jọ̀lọ̀. Mo fa ìlà yí ẹnu ká, mo fa òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà kọ̀ọ̀kan kó má baà parẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbéra, àbàjà tẹ̀lé e. Inú mi dùn gan-an!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi NURBS ya mọ́tò, ó yẹ ẹ́. Ojú èèyàn ńkọ́? Ṣé ó ti là mọ́ yín lọ́wọ́ rí?