Ohun tí rẹ́jísítà iléèwé fojú mi rí nígbà tí mo ń ṣọ́ flu

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ dátà ìlera, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dójú tì mí kẹ́ ẹ lè bá mi rẹ́rìn-ín. Ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kó rẹ́jísítà iléèwé (ìwé tí wọ́n ń kọ ọmọ tó wá àti ọmọ tí kò wá sí) fún mi pé kí n fi máa ṣọ́ flu, èmi náà rò pé kò le, ṣebí àwọn ọmọdé ló máa ń kó o wálé ran màmá àgbà, tí àga bá ti ń ṣófo ní kíláàsì, flu dé nìyẹn. Oṣù kọkànlá ń parí lọ, mo rí i pé kóòdù I ń gòkè (I ni wọ́n ń kọ fún ọmọ tí ara ẹ̀ ò yá, àárọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan), ni mo bá yára fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi pé flu ti bẹ̀rẹ̀ o. Ọ̀gá ní ṣé mo ti pe iléèwé kankan? Mi ò pè.

Ìgbà tí mo wá pè, àǹtí tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì iléèwé kan ṣí ìwé kékeré tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn òbí sí, ó ń kà á fún mi: eléyìí ń bì, eléyìí ń bì, eléyìí ń bì, òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Èébì o! Ọmọ tó bá sì bì gbọ́dọ̀ lo wákàtí 48 nílé lẹ́yìn tí èébì bá dá, ìyẹn ló jẹ́ kí I pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gíráàfù tèmi ò mọ èébì yàtọ̀ sí ikọ́.

Látìgbà náà, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé ta ló sọ pé ara ọmọ ò yá, kí ló sì dé tó fi sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí Kérésìmesì tó dé, ẹ má tètè pariwo. Tíkẹ́ẹ̀tì Èkó máa ń wọ́n gógó tí họlidé bá ti bẹ̀rẹ̀, òbí tó bá sì kó ọmọ lọ láìgbàṣẹ lè san fáìnì £80 lórí ọmọ kan (£60 ni kó tó di 2024), ni ọmọ bá ń wúkọ́ lójijì. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Peckham, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sì lo dátà òní. Kóòdù N ni wọ́n ń kọ tí wọn ò bá tíì mọ ìdí tí ọmọ ò fi wá, wọ́n ní ọjọ́ iléèwé márùn-ún láti yí i padà, ìyẹn ni pé I ti àná ṣì máa pọ̀ sí i.

Họlidé gan-an ló lè tàn yín jù. Ọ̀sẹ̀ half-term (ìsinmi kékeré tó máa ń bọ́ sí àárín táàmù), dátà ò sí, òfìfo ni, kì í ṣe òdo. Mo ti rí ẹni tó fi òdo dí i, gíráàfù já lulẹ̀ bíi pé flu ti kú. Ibi tó wá ti díjú ni pé họlidé máa ń dín flu kù lóòótọ́, torí àwọn ọmọ ò fara kanra mọ́. Nígbà swine flu ní 2009, ó gbóná ní England ní oṣù keje, iléèwé gba họlidé, ó lọ sílẹ̀, wọ́n wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ó tún gbéra. Èwo wá ni òótọ́, èwo ni òfìfo? Ẹ lọ wo dátà GP (dókítà àdúgbò), ìyẹn kì í gba half-term: tí iye àwọn ọmọ ọdún 5 sí 14 tí flu ń gbé lọ síbẹ̀ bá lọ sílẹ̀ náà, a jẹ́ pé flu dín kù lára wọn lóòótọ́.

Àǹtí tó ń gbé fóònù yẹn ju software lọ lójú tèmi. Ní New York, oṣù kẹrin 2009, nọ́ọ̀sì iléèwé kan ní Queens rí i pé àwọn ọmọ tó ń wá bá òun pẹ̀lú ibà àti ọ̀nà ọ̀fun dídùn ti pọ̀ jù, bíi 100, ó pe àwọn elétò ìlera, bí wọ́n ṣe rí swine flu nílùú yẹn nìyẹn. Kò dúró de gíráàfù kankan. Èmi náà máa ń pe àǹtí tèmi ní gbogbo Túsìdé báyìí, kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, á sọ fún mi bóyá ikọ́ ni àbí èébì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní kò sí ìkankan níbẹ̀, iná orí ló gba kíláàsì kan.