Dòdò Ìkirè ló tù mí lára lọ́nà Ìdànrè

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ àwọn ọmọ gáréèjì yẹn kí inú mi lè rọlẹ̀.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo ti dé gáréèjì n'Ìbàdàn. Agbèrò ń pariwo, "Àkúrẹ́, ó ku ẹnì kan! Ẹnì kan ṣoṣo, ó ń lọ!" Mo yọjú wo inú bọ́ọ̀sì, lóòótọ́ ló kún. Mo san ₦7,000, wọ́n tún gba ₦1,000 lórí báàgì tí mo lè gbé lé itan. Bí mo ṣe jókòó báyìí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀, ó lóun fẹ́ tọ̀. Ẹni iwájú náà sọ̀, òun fẹ́ ra omi. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ku èmi, ìyá àgbàlagbà kan, àti ọmọkùnrin kan tó ki nǹkan bọ etí. Ọmọ gáréèjì ni gbogbo àwọn tó kún inú ọkọ̀! Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó síbẹ̀ kí èrò gidi lè rò pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Nígbà tó yá mo rí ọ̀kan nínú wọn nínú bọ́ọ̀sì Oǹdó, ó fara balẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó rí mi. Ojú ò tiẹ̀ tì í, ó ní, "Àǹtí, ẹ kú ìjókòó o."

Aago mẹ́sàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí ọkọ̀ tó kún fún èrò tí kì í ṣe ayédèrú. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé gáréèjì, ẹ má wo orí, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó ń lọ sí Àkúrẹ́ á wọ bàtà. Èyí tó bá wọ sílípáàsì tó ti jẹ tán ní gìgísẹ̀, ilé ẹ̀ ló wà yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n lọ gun òkè Ìdànrè. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo ayé mi ti di ìṣirò. Owó ọkọ̀ ibi iṣẹ́ nìyí, èló ló kù fún gáàsì? Tí n bá ra gáàsì, ṣé a ó jẹ ẹran? Mo ti dẹni tí í pa iná ilé kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Lọ́jọ́ kan ọmọ mi béèrè pé, "Mọ́mì, ta ló ṣẹ̀ yín?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní tí n bá ti dórí òkè yẹn, tí n rí bí ayé ṣe fẹ̀ tó, ara á tù mí. Mo gbà. Mo tọrọ àyè ọjọ́ Jímọ́ níbi iṣẹ́, mo kó aṣọ díẹ̀.

Ìjókòó orí ẹnjíìnì ni wọ́n fi mí sí, lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdí mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ò dáa. A kọjá Asẹ̀jíre, níbi tí wọ́n ti dínà odò Ọ̀ṣun kí ará Ìbàdàn lè rí omi mu, àwọn tó ń ta ẹja na ẹja sí wa lójú fèrèsé. Ibẹ̀ ni ìjókòó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo ní, "Dẹ́rẹ́bà, ibí yìí ń gbóná o." Ó ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ìyàwó mi." Mi ò mọ ìgbà tó fẹ́ mi. Nígbà tá a máa fi wọ Ìkirè, mo ti fi báàgì tẹ́dìí, èéfín funfun sì ti ń yọ níwájú ọkọ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù, omi lásán ni," dẹ́rẹ́bà wí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín bò ó lójú, ó sá sẹ́yìn. Rọ́bà tó ń gbé omi lọ sí rédíétọ̀ ti bẹ́, ó la ẹnu gbàrà. Ariwo ta. "Ẹ dá owó wa padà!" Dẹ́rẹ́bà ní owó ò sí lọ́wọ́ òun, àwọn ará gáréèjì ló gbà á. A pe nọ́ńbà gáréèjì tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, wọn ò gbé e. Bàbá tó gbàdúrà ìrìnàjò fún wa láàárọ̀, tó gba ọrẹ lọ́wọ́ èrò, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹ̀: kí ọkọ̀ tó gbéra ló ti sọ̀ kalẹ̀. Mẹkáníìkì gun ọ̀kadà dé, ó yẹ ọkọ̀ wò, ó ní ₦25,000. Dẹ́rẹ́bà ní ₦8,000. Mẹkáníìkì káwọ́ lérí, ó jókòó sórí táyà. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, oòrùn ń ràn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan rọ́bà.

Mo wá ibòji lọ. Àtíbàbà kan wà lẹ́bàá títì, tí ìyá kan ti ń dín dòdò lábẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe ebi ló gbé mi débẹ̀ o, oòrùn ni. Mo ní, "Ẹ kú ọjà, mà, ẹ jẹ́ n fara pamọ́ sọ́dọ̀ yín díẹ̀." Ó ti àpótí kan sí mi. "Jókòó, ọmọ mi. Ẹ kú ewu. Ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?" Nínú gbogbo ẹni tí mo bá pàdé láti àárọ̀, òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè nǹkan tó kọjá owó lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ dòdò Ìkirè, ẹ má fi í wé dòdò tí wọ́n gbé síwájú yín pẹ̀lú ìrẹsì níbi ìnáwó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá àlà, tí èèpo ẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíì á ti gbé sọ sínú pàǹtí, òun ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìyá yìí bó èèpo kúrò, ó dà á sódó, ó fi ata àti iyọ̀ sí i, ó gún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò gún un kúnná jù. Ó ní tó bá kúnná jù, á mu epo. Ó fi ọwọ́ bu ú, ó fi àtàǹpàkò yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jù ú sínú epo pupa. Kò wo ọwọ́ ara ẹ̀ rárá, èmi ló ń wò bó ti ń bá mi sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ẹ̀. Nígbà tó kó o jáde, ó dúdú, ó ń dán bí bàtà ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́. Adùn ló kọ́kọ́ ń kan ahọ́n. Ata á dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e mì kó tó jẹ́ orúkọ ẹ̀.

₦400 ni ọ̀rá kan. Mo ní kó fún mi ní méjì, mo na ₦1,000 sí i. Ó fi owó náà kan iwájú orí ẹ̀. Ó fi kan etí agbada. Ó wá rọra fi kan gbogbo ọ̀rá dòdò tó tò sórí tábìlì, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ọ̀kan. Ó ní, "Ajé àárọ̀ mi rèé. Ajé, má dá wá o, pe ẹgbẹ́ ẹ wá." Mo wo aago: mọ́kànlá ti kọjá.

"Mà, ṣé láti àárọ̀ lẹ ò tíì tajé?"

"Láti àárọ̀ ni. Àwọn ọkọ̀ ń sáré kọjá."

"Ẹ wá ń dín in lọ bẹ́ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tí n ò bá dín in, kí ni ẹ̀yin ì bá bá níbí? Ṣé ìwọ náà mọ̀ lánàá pé wàá sọ̀ n'Ìkirè?"

Mi ò lè dá a lóhùn, ẹnu mi kún. Ó ní ìtàn tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé ìyá arúgbó kan ló bẹ̀rẹ̀ dòdò yìí. Ebi ń pa ìyá náà, kò sí nǹkan kan nílé àfi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Kò jù ú nù. Ó gún un, ó fi ata àti iyọ̀ sí i, ó dín in, ó jẹ ẹ́, ó dùn, ó bu fún ará ilé. Wọ́n ní kó tún ṣe é lọ́jọ́ kejì. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń kó dà nù," ó wí, ó ń fi ṣíbí yí dòdò padà, "òun ni mo fi rán àwọn ọmọ mi níwèé." Kò fi ṣe ìwàásù o. Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́, ó yíjú sí iná, ó fẹ́ ẹ.

Òórùn dòdò ti ń lọ bá àwọn tó ń jà lójú títì. Ọmọkùnrin tó ki nǹkan bọ etí ló kọ́kọ́ wá. Ó jẹ ọ̀kan, ó yọ nǹkan etí ẹ̀, ó ní, "Haa." Ló bá ra mẹ́ta. Ìyá àgbàlagbà wá, ó ra ti àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ọkùnrin tó ń halẹ̀ pé òun máa pe ọlọ́pàá wá, ó ra, ó bu fún dẹ́rẹ́bà tó fẹ́ kó ọlọ́pàá bá. Láàárín àkókò tí mẹkáníìkì àti dẹ́rẹ́bà fi parí sí ₦14,000, orí tábìlì ti mọ́ fáú. Ọ̀rá méjì péré ni ìyá náà fi pamọ́ sẹ́yìn agbada. Mo bi í pé ta ló ni ìyẹn. "Ti mẹkáníìkì ni. Kò tètè ṣe é, òun ló bá mi dá yín dúró." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Dẹ́rẹ́bà nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

Bọ́ọ̀sì tó kúrò n'Ìkirè kì í ṣe bọ́ọ̀sì tó wọ ibẹ̀. Èrò ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá àgbàlagbà ń sọ bí ọ̀nà yìí ṣe rí nígbà ọ̀dọ́ ẹ̀, ọmọkùnrin yẹn bá mi pààrọ̀ ìjókòó láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, mi ò mọ ìgbà tá a kọjá wọn. Ní Àkúrẹ́ mo wọ táksí lọ sí Ìdànrè, inú oko kòkó la gbà dé ibẹ̀. Oṣù Ọ̀wàrà ni, wọ́n sá kòkó sẹ́bàá ọ̀nà, òórùn kíkan ẹ̀ gba inú ọkọ̀ kan. Mo wá ilé ìtura sùn. Omi gbígbóná tí wọ́n ṣèlérí fún mi, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e wá, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò bí mi nínú, ó yà mí lẹ́nu pé kò bí mi nínú.

Òkè náà? Ó dára, irọ́ ò sí ńbẹ̀. Àtẹ̀gùn ẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà, gbogbo ẹ̀ ni mo sì lò. Òkè yìí làwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ààfin Owá, ọba Ìdànrè, ṣì wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, àti ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, pé kí wọ́n kà á mọ́ ogún àgbáyé. Wọ́n mú wa dé ibi Ẹsẹ̀ Àgbóògùn, ojú ẹsẹ̀ tó wà lára òkúta, tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá mu, ti ọmọdé ni o, ti àgbà ni o, àfi ti àjẹ́. Obìnrin kan tó bá ọkọ ẹ̀ wá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe àjẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ òun ti wú láti ibi àtẹ̀gùn, kí wọ́n má lọ fi ìyẹn ṣẹjọ́. Tèmi mu.

Ṣùgbọ́n kí n sọ tòótọ́, ayé tó fẹ̀ lọ salalu tí ọ̀rẹ́ mi ṣèlérí, mo wò ó, mo yàwòrán ẹ̀, ó parí. Ohun tó dá mi dúró lókè yẹn ni ọkùnrin tó ń mú wa kiri. Nígbà tó dọ̀sán, ó jókòó sábẹ́ òrùlé ààfin, ó tú ọ̀rá, ẹ̀bà ni pẹ̀lú ilá. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó gbójú sókè, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ wá jẹun o." Ẹ̀bà náà ò ju ìkúnwọ́ lọ, èèyàn mẹ́fà sì ni wá. Gbogbo wa dáhùn papọ̀, "Á gba ibi ire." Mo bu dòdò tó kù lọ́wọ́ mi lé e lórí, ó wò ó, ó ní, "Ìkirè!" Ó mọ̀ ọ́n kó tó tọ́ ọ wò.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn onífọ́tò ìsàlẹ̀ òkè o. Wọn á yà yín kẹ́ ẹ tó mọ̀, wọn á wá fọ́tò lé yín lọ́wọ́ ní ₦2,000 ẹyọ kan. Mo san ₦700 fún tèmi, mo sì rò pé mo ṣì san jù, torí ojú mi ò hàn dáadáa, àmọ́ eyín mi hàn. Ẹ gbé omi lọ́wọ́, ẹ tètè gòkè kí oòrùn tó mú, ẹ má jókòó sórí ẹnjíìnì ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra dòdò n'Ìkirè, ẹ mú owó kékeré dání, torí ìyá yẹn ò ní ṣéńjì. ₦200 mi ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ti ń fọn fèrè, mo sá tẹ̀ lé ọkọ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ ṣáájú mi, kó bá mi fi ra dòdò jẹ.