Fídíò iṣẹ́ abẹ ilé-ọmọ: ohun tí wọ́n gé kúrò nínú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ fídíò tó ń fi hàn bí wọ́n ṣe ń yọ ìju (fibroid, kókó iṣan tó ń hù lára ilé-ọmọ) kì í ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Kámẹ́rà wọ inú ikùn, wọ́n la ara ilé-ọmọ, wọ́n bó ìju jáde bí ẹni bó kóró kúrò nínú èèpo, wọ́n rán an, ó parí. Iṣẹ́ tó lè gba wákàtí 1 sí 3 ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nígbà tí wọ́n ń fa ìju yọ, ẹ ò ní rí i. Abẹ́rẹ́ vasopressin tí wọ́n sábà máa ń gún sára ilé-ọmọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà pọ̀, ẹ ò ní gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé fídíò náà parọ́ o. Dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Obìnrin tó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun gbà fún iṣẹ́ abẹ ni kò bá a sọ̀rọ̀.

Nínú àwọn orúkọ iṣẹ́ abẹ tí ẹ máa gbọ́, èyí tó ń da ọkàn rú jù ni "yíyọ ilé-ọmọ". Wọ́n lè yọ ilé-ọmọ kí wọ́n fi ọrùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì ní láti máa ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Wọ́n lè yọ ọrùn náà mọ́ ọn. Wọ́n sì lè kó ilé-ẹyin méjèèjì mọ́ ọn, ìyẹn ló máa ń mú ooru ara, òógùn òru àti egungun tó ń di ẹlẹgẹ́ bá obìnrin láìtọ́jọ́, bí kò tilẹ̀ tíì pé ogójì ọdún. Bí ilé-ẹyin bá wà níbẹ̀, nǹkan oṣù á dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n hòmóònù ṣì ń jáde. Ẹni tó bá ń pariwo pé "wọ́n yọ ilé-ọmọ, ó di arúgbó" láìsọ èyí tí òun ń wí, ẹ pa fídíò rẹ̀ dé.

Ìju náà ńkọ́? Ibi tó wà ṣe pàtàkì bíi bó ṣe tóbi tó. Kékeré tó yọrí sínú ihò ilé-ọmọ lè da ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì lè gba ojú ara wọlé yọ ọ́ láìgé ikùn. Ńlá tó wà lára òde ilé-ọmọ lè má da ẹ̀jẹ̀ kankan, kó kàn máa tẹ àpò ìtọ̀. Iṣan tó le ni ìju; kì í yọ́ bí òrí inú oòrùn. Ohun tí àwọn tó ń ta òògùn tí wọ́n ní ó ń yọ́ ìju ń nà sókè níwájú kámẹ́rà, ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí ikun ojú ara ló sábà máa ń jẹ́.

Àwọn olùwádìí ní ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí ọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú àìsàn ṣe ṣeé gbára lé tó, tí wọ́n ń pè ní DISCERN: ìbéèrè 16, máàkì 1 sí 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé kíkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, àmọ́ wọ́n ti ń fi wọn fídíò náà. Nínú ìbéèrè rẹ̀, ọ̀kan wà tó ṣe pàtàkì níhìn-ín: ǹjẹ́ ó sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe nǹkan kan? Ìju tí kò yọ ẹni lẹ́nu ṣeé máa ṣọ́, ó sì sábà máa ń sún kì nígbà tí nǹkan oṣù bá ti dúró pátápátá. Ẹni tó ń ta iṣẹ́ tàbí òògùn kì í fẹ́ sọ ìyẹn.

Ẹ wo ọdún tí wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú. Ní 2014, àjọ FDA, tó ń bójú tó òògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń rún ìju wẹ́wẹ́ nínú ikùn, nítorí pé bí jẹjẹrẹ bá fara pamọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ náà lè tú u ká. Fídíò tó ṣáájú ọdún yẹn lè yin ẹ̀rọ náà láìmẹ́nu kan ewu yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á sì máa wò ó lọ.

Bí ẹ bá rí èyí tó dára, ẹ dá a dúró níbi tí wọ́n ti dárúkọ iṣẹ́ abẹ náà, kí ẹ kọ orúkọ yẹn sílẹ̀. Ẹ mú un lọ bá dókítà: "Ṣé èyí lẹ fẹ́ ṣe fún mi? Kí ni ẹ máa yọ, kí ni ẹ máa fi sílẹ̀?"