Ẹ má sá fún ọ̀tọ́písì o, ẹ̀yin àbúrò mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ dókítà, ọ̀pọ̀ yín ló rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀tọ́písì, ìyẹn kí wọ́n la òkú yẹ̀ wò láti mọ ohun tó pa á, ò kàn yín. Ó kàn yín o. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rán yín lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn Kétu, tí ọlọ́pàá gbé òkú dé, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ wò ó.

Oríṣi méjì ló wà. Tó bá jẹ́ pé dókítà kàn fẹ́ mọ irú àìsàn tó pa èèyàn ni, á bẹ ẹbí, ẹbí sì lè kọ̀. Àmọ́ tí procureur, ìyẹn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń rí sí ẹ̀sùn ọ̀daràn, bá ní kí wọ́n ṣe é, bóyá wọ́n fura sí májèlé tàbí wọ́n bá òkú nínú ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ẹbí ò lè ní àwọn ò gbà mọ́. Ọ̀dọ̀ procureur náà ni àbájáde ń lọ, ẹ má lọ máa sọ ọ́ fún ará ilé lẹ́nu ọ̀nà mọ́ọ̀gù, ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí.

Ibi tó le jù ni ẹbí. Nígbà tí mo wà ní sítáàjì, tí mo ń fojú kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, àwọn mùsùlùmí kan wá gba òkú ọmọ wọn, wọ́n ti gbẹ́ sàréè sílẹ̀, wọ́n fẹ́ sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tó dá wọn lóhùn kàn da Faransé bò wọ́n pé òfin ni, ló bá tiẹ̀ lọ. Ariwo ta, wọ́n ní a fẹ́ ta ẹ̀yà ara ọmọ àwọn. Ìyá nọ́ọ̀sì kan ló lọ jókòó ti bàbá wọn, ó fi Nàgó ṣàlàyé: "Bàbá, ẹ̀yìn etí kan dé ìkejì ni wọ́n ti ń la orí, fìlà á bò ó, ojú ẹ̀ ò ní yí padà. Wọ́n á wo àyà àti ikùn, wọ́n á bu ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ díẹ̀ lọ sí lábò, wọ́n á rán gbogbo ẹ̀ padà, ẹ̀yin náà lẹ máa wẹ̀ ẹ́." Bàbá ní ó dáa, ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Èmi ò rí i kà nínú ìwé kankan rí.

Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo òkú inú omi lomi pa, àwọn kan ti kú kí wọ́n tó jù wọ́n síbẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ òkú, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ wo ọrùn. Ẹ má sì kọ ọ́ síwèé pé ọkàn tó dáṣẹ́ dúró ló pa á, jọ̀ọ́, ta ló kú tí ọkàn ẹ̀ ò dúró? Tí nǹkan ò bá yé yín, ẹ má buwọ́ lu ìwé ìsìnkú, ẹ ránṣẹ́ sí kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá.